Bọ́ọ̀lù Tí Badmus Jẹ́ Kó Kọjá

Ní gáréèjì Ìkàrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ Ọ̀kà ti ń gbé èrò, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí wọ́n ti ń ta pátì ọ̀kadà. Badmus Abọ́dẹrìn ló ni ín. Bàbá tó fẹ̀ lẹ́yìn ni, orí rẹ̀ ti pá, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ imú bí ohun tó fẹ́ já bọ́. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tó ń rajà níbẹ̀ pé ta ni bàbá náà, wọ́n á ní Alájì Pátì ni, ó tán. Àwọn ọmọ yìí mọ gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n mọ ẹni tí orúnkún ń dùn nínú wọn, wọ́n mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ṣùgbọ́n orí pípá tí wọ́n ń wò níwájú wọn yẹn, tí gbogbo Àkókó ti pariwo lé lórí rí, wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ń bí ènìyàn nínú, ká má purọ́.

Láti àárọ̀ tí Badmus bá ti ṣílẹ̀kùn títí di ìrọ̀lẹ́, ohùn kan náà ló máa ń wà létí rẹ̀. "Ọ̀kà! Ọ̀kà! Ó ku ẹnì kan, Ọ̀kà!" Àwọn tó ń pe èrò ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ò jìnnà. Èrò ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkọ̀ á fi dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni Badmus fi ń gbọ́ ìpè yẹn lójoojúmọ́ tí kò wọ ọkọ̀ náà. Ẹnì kan wà ní Ọ̀kà tó yẹ kó lọ bẹ̀, kò sì lọ.

Kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ń jẹ́ Àpáta Sítáàsì. Ìdí àpáta ni pápá wọn wà. Koríko ibẹ̀ ò tó nǹkan, ilẹ̀ pupa tó ń bó ènìyàn lórúnkún ló pọ̀ jù. Àwọn ènìyàn pàtàkì máa ń jókòó sórí àga lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn yòókù á gba ẹ̀yìn gun àpáta lọ, wọ́n á jókòó síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì rí gbogbo eré náà dáadáa ju àwọn tó wà lórí àga lọ. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lé wọn títí, ó sú wọn. Orí àpáta yẹn gan-an ni agbára ẹgbẹ́ náà wà. Bí wọ́n bá pariwo níbẹ̀, òkè tó wà lódì kejì á gbà á, á sì dá a padà, àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ á wá máa wẹ̀yìn wò.

Tíṣà Olúyọmí ló ń kọ́ wọn. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń kanra. Kò bìkítà nípa ìlú tí ènìyàn ti wá. Ó lọ mú aṣọ́lé wá láti Arigidi, ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Joseph. Bí Joseph bá fẹ́ bá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀, èdè Arigidi ló máa fi ń pariwo, kí àwọn alátakò má baà gbọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ náà ò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí igbe náà bá ṣe le tó ni wọ́n á mọ̀ pé ewu náà le tó, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn. Bọ́ọ̀lù tó bá wọlé mọ́ Joseph lọ́wọ́, ẹni tó gbá a mọ bọ́ọ̀lù gan-an ni.

Ní apá òsì, ará Ọ̀kà ni wọ́n ní. Samuel Adéṣínà lorúkọ rẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń pẹ́ dé gbogbo ibi tó bá ń lọ. Rẹfirí á ti máa gbé fèrè sẹ́nu kí Samuel tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́wọ́, tí á máa sáré bọ̀. Tíṣà á bú u. Á gbọ́ gbogbo èébú náà tán, á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wá kan ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, gbogbo ènìyàn á dárí jì í.

Badmus ló wà láàárín iwájú. Bàbá rẹ̀ ni Ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Ìrun tí bàbá yìí ń pè ló ń jí gbogbo wọn láàárọ̀. Ẹsẹ̀ Badmus ò fi bẹ́ẹ̀ dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bọ́ọ̀lù á bá a lẹ́sẹ̀, á sì ta kúrò níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n lé. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè! Samuel á sá lọ sí ìkángun pápá, kò ní gbójú sókè, kò ní wo ẹnikẹ́ni, á kàn fi ẹsẹ̀ òsì gbé bọ́ọ̀lù náà sínú afẹ́fẹ́. Ibi tó bá máa bọ́ sí, Badmus á ti wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lórí àpáta á ti máa pe "Orííí!" kó tó fò rárá. Góòlù. Lára àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, àwọn kan wà tó yá lẹ́sẹ̀ jù wọ́n lọ, àwọn kan sì wà tó lágbára jù wọ́n lọ. Ẹni méjì tó mọ inú ara wọn báyẹn ni kò tíì sí.

Ìdajì ẹgbẹ́ náà ni Mùsùlùmí. Bí oṣù ààwẹ̀ bá bọ́ sí àkókò ìdíje, wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Samuel rí Badmus tó ń fi ètè gbígbẹ sáré kiri nínú oòrùn, ó da omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tí o ò bá mu, èmi náà ò mu." Láti ọjọ́ náà lọ, tí bọ́ọ̀lù bá wà nínú ààwẹ̀, Samuel ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ òun fẹ́ gba ẹ̀sìn mìíràn, ó fà á lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Samuel ní bọ́ọ̀lù lòun ń gbá, òun ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, Joseph náà lóun á máa ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní àwọn rí i tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣà kan ti bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, tí Ládàánì bá ti pe ìrun, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó sí ìdí àpáta láti ṣínu. Ẹni tó bá jẹ góòlù ọjọ́ náà ò ní tíì mu omi. Òun ló máa fi ife tánganran kan ṣoṣo tí wọ́n ní bu omi nínú kórobá, tí á máa gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù góòlù náà fún un ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún. Òun fúnra rẹ̀ á mu gbẹ̀yìn. Tíṣà Olúyọmí ló dá a sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tó jẹ góòlù má baà máa rò pé òun nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù. Badmus ló sábà máa ń bu omi náà, Samuel ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mu. Limota, ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn létí pápá, á ti bó ọsàn sílẹ̀ dè wọ́n. Nídìí ọsàn yẹn ni Badmus ti rí i, òun náà ló sì fẹ́. Ayé dára nígbà náà, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ráyè kíyè sí i ni.

Lọ́dún 1982, Àpáta Sítáàsì rìn jìnnà nínú ìdíje ife ìpínlẹ̀, ó sì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ẹgbẹ́ kan láti Ọ̀wọ̀ ló ń bọ̀ wá bá wọn nílé. Ààwẹ̀ ti fẹ́ parí, oṣù ló kù tí wọ́n ń wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré náà, gbogbo Ìkàrẹ́ gbójú sókè. Ìgbà òjò ni, ìkùukùu jókòó pa sórí àwọn òkè, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan kan. Iná ò sí. Rédíò àwọn tó ní bátìrì ń han lásán ni. Àwọn àgbà ní kí ààwẹ̀ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Ọ̀kà, lórí òkè tiwọn lọ́hùn-ún, ìkùukùu là díẹ̀. Wọ́n rí oṣù náà fírífírí, wọ́n pariwo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kírun yídì, wọ́n sì jẹ ìrẹsì ọdún.

Samuel pẹ́ dé bí ìṣe rẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ló ti bọ́ sínú pápá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó gbé bọ́ọ̀lù kan sókè, Badmus fò, ó fi orí kàn án, góòlù. Ariwo orí àpáta lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà.

Lákòókò ìsinmi, Badmus dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Samuel gbé ife tánganran wá bá a, omi kún un. Òun ti mu tirẹ̀.

"Gbà, mu."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ọdún ti dé, ọ̀gbẹ́ni! Wọ́n ti rí oṣù. Wọ́n ti kírun yídì tán l'Ọ́kà láàárọ̀. Ìyá Àsàmáù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ìrẹsì tó bù fún mi ṣì wà níkùn mi. Ẹ kú ọdún o!"

Badmus ò bi í ní ìbéèrè kejì. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Samuel jáde ti tó fún un. Ó gba ife náà, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún tán.

Ẹnì kan kígbe lórí àpáta pé, "Ọmọ Ládàánì ń mu omi nínú ààwẹ̀!" Ni ariwo bá sọ. Ládàánì kì í wá síbi bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó wá lọ́jọ́ yẹn, torí gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún un pé kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi orí ṣe. Badmus rí bàbá rẹ̀ tó dìde lórí àga, tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, tó sì ń lọ sílé láìwẹ̀yìn.

Badmus fò dìde, ó di ọrùn aṣọ Samuel mú. "O fi mí ṣẹ̀sín! Lójú bàbá mi!"

"Badmus, wọ́n rí oṣù. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ọlọ́run wo? Kí lo mọ̀ nípa ààwẹ̀? Eré lo ń fi ṣe látọjọ́ yìí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló burú jù. Ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí tirẹ̀, tí kò sí ẹni tó ní kó ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Samuel kàn ń wò ó, títí Tíṣà fi bọ́ sáàárín wọn.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ará Ọ̀wọ̀ dá góòlù náà padà. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù bọ́ sí Samuel lẹ́sẹ̀ ní apá òsì. Ẹlòmíràn ì bá ti gbá a síbòmíràn, kó fi bínú. Samuel sá lọ sí ìkángun pápá, kò gbójú sókè, ó gbé bọ́ọ̀lù náà síbi tó ti máa ń gbé e sí. Badmus wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nítòsí rẹ̀, aṣọ́lé Ọ̀wọ̀ ti ṣubú síbòmíràn, kó kàn fò ni. Badmus ò fò. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè, ó sì ń wo bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbà á, wọ́n gbé e lọ sódì kejì, wọ́n sì gbá a wọlé mọ́ Joseph lọ́wọ́. Báyẹn ni ife ṣe lọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ọkọ̀ kan dé láti Àkúrẹ́, tí awakọ̀ rẹ̀ ń béèrè kiri pé kí ló dé tí Ìkàrẹ́ ò ṣọdún. Rédíò ti kéde rẹ̀ láti àná, gbogbo ayé ti jẹun ọdún tán. Samuel ò purọ́. Ìkàrẹ́ ló ń gbààwẹ̀ nínú ọdún. Nígbà tí Ládàánì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọmọ òun ló tilẹ̀ gbọ́n jù ní gbogbo ìlú. Badmus sáré padà sí pápá. Samuel ti lọ. Kórobá omi wà nídìí àpáta níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bù ú fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò lọ sí Ọ̀kà lọ́jọ́ kejì. Ojú ló tì í. Ó ní òun á lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Jímọ̀ kọjá. Ó ní òun á lọ tí òjò bá dáwọ́ dúró, òjò dáwọ́ dúró, ó rí nǹkan mìíràn sọ. Tíṣà Olúyọmí lọ bẹ Samuel, Samuel ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ó sì bá wọn lọ wa ọkọ̀ pákó lọ́nà Ọ̀rẹ̀. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ ní apá òsì kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbójú sókè wo ibi tí Badmus wà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n tó wò ó tán, àwọn alátakò á ti yí i ká. Àpáta ò fi bẹ́ẹ̀ pe "Orí!" mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ náà tú ká láìsí ẹni tó kéde pé ó ti tú.

Badmus fẹ́ Limota, wọ́n bí Suleiman àti àwọn àbúrò rẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù pátì. Irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Limota ní góòlù tó ń fi orí jẹ ló bó irun náà lọ. Wọ́n gbọ́ pé Samuel ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó ti padà sí Ọ̀kà, ó ń ṣe kòkó, ó sì ti di bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lẹ́ẹ̀kan, Badmus gun ọ̀kadà lọ sọ́hùn-ún. Ó dé ọ̀nà ilé Samuel, ó rí i níwájú ilé tó ń sá kòkó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ọlọ́kadà béèrè pé ṣé ibí ni. Badmus ní kó máa lọ. Nígbà tó sọ fún Limota nílé, obìnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Mi ò mọye góòlù tí mo jẹ," ni Badmus sọ fún un nígbà tí inú obìnrin náà rọ̀. "Èyí tí mo jẹ́ kó kọjá yẹn nìkan ni mo ń rántí."

Nígbà tó yá, àìsàn ṣúgà mú un. Dókítà ní kó má gbààwẹ̀ mọ́ rárá, kó máa jẹun lásìkò, kó sì máa lo oògùn. Ó dùn ún gan-an. Ọmọ Ládàánì tó ń jẹun ọ̀sán nínú oṣù ààwẹ̀! Ó ń bọ́ àwọn aláìní dípò rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti máa ń jẹ tirẹ̀.

Ní ọdún 2015 ni Adùnọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Tíṣà Olúyọmí ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Tíṣà ti kú. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó àwọn àgbà Àpáta Sítáàsì jọ sí pápá, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ láti fi ṣe ìrántí rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ láìpẹ́. Ọjọ́ tó rí mú bọ́ sínú ààwẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Mo ti rí Bàbá Joseph ní Arigidi, wọ́n ń bọ̀. Bàbá Samuel l'Ọ́kà ni kò fún mi lésì."

Badmus gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú. "Kí ló sọ?"

"Wọ́n béèrè bóyá ẹ̀ ń bọ̀. Mo ní ẹ̀ ń bọ̀, sà. Wọ́n béèrè ọjọ́, mo sọ ọ́. Wọ́n ní, 'Nínú ààwẹ̀?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni wọ́n bá tún ń sá kòkó wọn lọ."

Badmus mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, tàbí kó jẹ́ pé ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Samuel ò tíì gbàgbé ààwẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún Limota pé, "Tí ọkùnrin yẹn ò bá wá, mo máa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí sàréè."

"Ẹ wọ ọkọ̀, Bàbá Sùlè. Ọ̀kà náà nìyẹn."

"Ó di ọ̀la."

"Ọ̀la yín yìí!" Limota pòṣé, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ náà, Limota ti fún un ní mọ́ín-mọ́ín jẹ lọ́sàn-án, ó lo oògùn rẹ̀, ó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù tí ikùn rẹ̀ fẹ́ fà ya. Àwọn àgbà pé jọ. Ẹ bá mi wo Joseph tó dúró ní ojú ilé pẹ̀lú fìlà òtútù lórí, tó ṣì ń pariwo èdè Arigidi sí àwọn tí kò gbọ́ ọ! Wọ́n pín ara wọn sí méjì, Joseph lọ sódì kejì. Wọn ò sáré, wọ́n ń rìn ni. Bọ́ọ̀lù á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó yẹ kó gbá a, á kí i, á máa lọ. Àwọn tó wà lórí àpáta ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú wọn sì ń nu ojú. Badmus ò rí bọ́ọ̀lù rárá, ọ̀nà Ọ̀kà ló ń wò. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè. Rẹfirí wo aago.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà kan dúró létí pápá. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó ń tiro díẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O tún pẹ́ dé!" Joseph ló pariwo bẹ́ẹ̀, ní Yorùbá tó já gaara.

Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Rẹfirí gbọ́n, ó fọn fèrè, ó ní kọ́nà ni, ní apá òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ò jáde rárá. Samuel wọ bàtà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rìn lọ sí ìkángun pápá. Kò gbójú sókè. Ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Agbára ò sí níbẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù náà ò lè gòkè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ńlẹ̀, ó ń fò tọ́ntọ́n, ó sì ń lọ sí ibi tí Badmus dúró sí gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ ì bá fi ẹsẹ̀ gbá a. Badmus dojú bolẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa, ó sì fi orí pípá náà kàn án. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Joseph wọlé. Bóyá Joseph ló jẹ́ kó wọlé, Joseph nìkan ló mọ̀.

"Orííí!" Òkè òdì kejì gbà á, ó dá a padà.

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Badmus ò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, orí rẹ̀ kọjú sí apá òsì. Àwọn kan rò pé ẹ̀yìn ti dá a dúró, Limota ti ń sáré bọ̀. Samuel tiro wá bá a, ó dúró lé e lórí.

"Sámù, jọ̀ọ́. Má bínú."

Samuel na ọwọ́ sí i. "Dìde. Ìwọ lo jẹ góòlù, wá bu omi."

Ìrun Màgàríbì ń dún láti mọ́sáláṣí, ọmọ ọmọ Ládàánì ló ń pè é báyìí. Gbogbo wọn jókòó sí ìdí àpáta. Kórobá ti lọ, ife tánganran ti lọ, omi inú ọ̀rá ni Adùnọlá kó wá. Badmus fi eyín já ẹnu ọ̀kan, ó gbé e fún Samuel kó tó fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ méjèèjì ni Samuel fi gbà á.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí omi yìí," ló wí. "Ara ò gbé e mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Badmus wo ètè rẹ̀. Ó gbẹ, ó funfun. "O gbààwẹ̀?"

"Ọmọbìnrin yẹn sọ pé inú ààwẹ̀ ni. Ṣé mo wá fẹ́ jẹun yó kí n tó wá bá ọ gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Omi ti kún ojú Badmus, ojú sì tún ń tì í. "Sámù," ló wí, "mo ti jẹ mọ́ín-mọ́ín lọ́sàn-án. Dókítà ló ní kí n má gbà á mọ́."

Samuel gbé ọ̀rá omi náà kúrò lẹ́nu, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti ikùn wá.

"Ṣé wọ́n ti rí oṣù n'Íkàrẹ́ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Samuel fi fọwọ́ ti àpáta. Lẹ́yìn náà ni Badmus gbá ọwọ́ Samuel mú, ó bá a gbé omi náà sẹ́nu, ó sì dì í mú títí Samuel fi mu ún tán. Ó pín omi yòókù fún gbogbo wọn, òun ló sì mu gbẹ̀yìn.